Abúlé Apẹja Tí Òkun Gbé Lọ ní Àgbádárìgì: Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Mo Ń Wá Ìtàn Rẹ̀

Ní ìhà gúúsù ìlú Àgbádárìgì, ní òdìkejì ọ̀sà, ilẹ̀ yanrìn tóóró kan wà tí ọ̀sà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, tí òkun ńlá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Orí ilẹ̀ yanrìn yìí ni abúlé apẹja tí wọ́n bí ìyá mi sí wà, láàárín àwọn abúlé kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn létí òkun láti ìhà Sẹ̀mẹ̀ lọ sí ìhà Èkó. Abúlé náà kò sí mọ́. Ibi tí ilé ìyá ìyá mi wà, ìgbì ló ń fọ́ síbẹ̀ báyìí. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí pé àwọn ẹbí tó ni ìwọ̀nba ilẹ̀ àgbọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn, wọ́n sì ti bẹ̀ mí pé kí ohun tí mo bá kọ má ṣe di ẹ̀rí fún apá kan lórí apá kejì. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò nílò orúkọ náà. Mo fẹ́ sọ bí ènìyàn ṣe lè rí ìtàn abúlé tí ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ti lọ, àti pé inú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni mo ti rí ìtàn náà, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò fún mi ní nǹkan kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní ìlú yìí, ìtàn sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìtàn Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nínú ìwé. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló mọ̀ pé oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ síbí, pé lábẹ́ igi Àgíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere, àti pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845 ṣì dúró ní Màrínà títí di òní. Wọ́n mọ ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí wọ́n ti ń kó wọn sínú ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ tí wọn kò ti ní padà mọ́. Àwọn àlejò ń ti òkèèrè wá láti rin ọ̀nà náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àti omijé àwọn baba ńlá wa wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ó máa ń dùn mí pé àwọn àlejò kan náà ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn apẹja kọjá, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè irú ènìyàn tí àwọn wọ̀nyí jẹ́, ìgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀, àti ohun tí ojú wọn ti rí. Nígbà tí mo rí i pé àwọn tó gbọ́njú mọ abúlé ìyá mi ń dín kù lọ́dọọdún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Àwọn àgbà sọ pé bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá, àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n àrọ́bá pàápàá kò lè dé ọ̀dọ̀ wa láìsí ẹni tí yóò sọ ọ́.

Ìbéèrè tí ìwé ìtàn kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló tẹ ìlú dó. Ní abúlé etí òkun, ìbéèrè yẹn kì í pẹ́ dá ọ̀rọ̀ dúró. Bí mo bá bi bàbá àgbà kan, yóò kọ́kọ́ wo ojú mi, yóò béèrè ẹbí tí mo ti jáde, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ìtàn tó fi ẹbí tirẹ̀ síwájú. Bí mo bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹbí kejì, wọn yóò sọ tiwọn pẹ̀lú ìdánilójú kan náà. N kò rò pé ẹnì kankan ń parọ́ nínú wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n gbà pé ó ni ilẹ̀, ilẹ̀ sì ti di owó ńlá létí òkun wa láti ìgbà tí àwọn tó ń wá ibi tí wọn yóò kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí ti ń wọlé, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìtẹ̀dó ti kúrò ní ìtàn, ó ti di ẹjọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, tí mo sì bi í pé, “Bàbá, àwọ̀n ta ni ẹ kọ́kọ́ bá wọn fà nígbà èwe yín?”, bàbá gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ó dárúkọ ẹni tó ni àwọ̀n, ó dárúkọ ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀, ó dárúkọ àwọn tó máa ń di okùn mú níhà ìlà-oòrùn àti àwọn tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn, ó sọ ilé tí oníkálukú ń gbé àti ìlú tó ti wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ ìdílé tó wà lọ́wọ́ mi ti pọ̀ ju gbogbo èyí tí ìbéèrè nípa ìtẹ̀dó ti fún mi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fa àríyànjiyàn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò bá gbé etí òkun rí. Òkun tiwa kì í ṣe èyí tí ọkọ̀ lè rọra dúró sí létí. Ìgbì ńlá ń fọ́ lé ilẹ̀ ní gbogbo ọdún, pàápàá jù lọ ní àsìkò òjò. Nítorí náà, àwọ̀n ńlá tí wọ́n ń dúró lórí ilẹ̀ fà ni iṣẹ́ tó gbé abúlé náà ró. Àwọn géńdé á fi ìdí okùn kan sílẹ̀ fún àwọn tó wà lórí yanrìn, wọn á ti ọkọ̀ la ìgbì kọjá, wọn á máa da okùn àti àwọ̀n sínú omi bí wọ́n ti ń lọ, wọn á yípo lójú òkun, wọn á sì gbé ìdí okùn kejì padà wá sí etí ilẹ̀ ní ọ̀ọ́kán. Àwọ̀n náà lè gùn ju 500 mítà lọ, ó sì ní àpò ní àárín níbi tí ẹja ń kó sí. Ìgbà náà ni ọ̀wọ́ méjì, tí àpapọ̀ wọn lè tó 40 ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin fa okùn méjèèjì, tí wọn yóò máa sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí àpò yóò fi wọ́ gun orí yanrìn. Fífà ẹ̀ẹ̀kan lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọjọ́ tí òkun bá ń ru, wọn kì í lọ, nítorí pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Wọn á fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn. Ní ayé àwọ̀n òwú, kí náílọ́ọ̀nù tó gbòde, títún àwọ̀n ṣe fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ńlá, nítorí pé òwú máa ń jẹrà. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi, kí wọ́n sì máa sá a sóòrùn lẹ́yìn ìpẹja.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ yìí yóò mọ ìdí tí abúlé náà fi rí bó ṣe rí. Ìdílé kan ṣoṣo kò lè fa irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá ènìyàn kún ènìyàn, nítorí náà àwọ̀n ló ń kó ènìyàn jọ, ilé sì ń tẹ̀lé e. Àwọn Ògù tí a mọ̀ sí Ẹ̀gùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Àwórì wà níbẹ̀, àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà níbẹ̀, àwọn ará Kéta láti etí òkun Gánà náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá ni àwọn ará Kéta nínú iṣẹ́ àwọ̀n ńlá, ẹgbẹ́ alàwọ̀n wọn sì máa ń rìn láti etí òkun kan dé òmíràn, láti Gánà kọjá Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ wa. Èdè wọn àti èdè Ògù bá ara wọn tan, wọn kì í sì í pẹ́ gbọ́ ara wọn yé. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 pín ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja kò mọ ààlà, àwọn tó ń lé ẹja náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ẹgbẹ́ kan lè dé, kó fi imọ̀ ọ̀pẹ pàgọ́, kó fa àwọ̀n fún sáà kan tàbí fún ọdún mélòó kan, kó sì ṣí lọ. Àwọn kan fẹ́ ìyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n sì dúró. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá ìyá mi. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò wọn irú abúlé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó di okùn mú ni ará abúlé, bó ti wù kí ó pẹ́ tó níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pín owó tún là mí lójú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó oúnjẹ àti owó okùn, olówó àwọ̀n àti ọkọ̀ yóò mú ìpín tirẹ̀, ìyókù yóò sì di ti àwọn tó fà. Ọmọdé tó bá fọwọ́ kan okùn yóò gba ẹja díẹ̀ lọ sílé, opó tí kò lágbára mọ́ náà kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹnì kan tó mọ̀wé ló máa ń kọ ìpín náà sílẹ̀. Ìdílé kan ṣì ní ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n fi hàn mí, gbogbo ara rẹ̀ ti pọ́n, kòkòrò sì ti jẹ etí rẹ̀. Orúkọ wà níbẹ̀, ṣílè àti kọ́bọ̀ wà níbẹ̀, ó sì kọ ìdí tí ẹnì kan kò fi wá fà ní ọjọ́ kan: àìsàn, òkú, ìgbéyàwó, ìrìn-àjò sí Kútọnù. N kò tíì rí ìwé ìtàn tó sọ fún mi nípa ìgbésí ayé abúlé kan tó ìwé ìṣirò yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni ìtàn náà ti jinlẹ̀ jù. Àwọn ló ń ra ẹja létí òkun, àwọn ló ń yan án, àwọn ló sì ń gbé e kọjá ọ̀sà lọ sí ọjà Àgbàlátà tàbí lọ sí Àjàṣẹ́. Ṣáwá ló pọ̀ jù nínú ẹja náà, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́, nítorí náà bí àpò àwọ̀n bá gúnlẹ̀ ní ọ̀sán, iná gbọ́dọ̀ ti wà nínú ààrò kí oòrùn tó wọ̀. Èèpo àgbọn ni wọ́n ń kó sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó ń rú èéfín dáadáa, iná rẹ̀ kì í sì í jó ẹja. Owó kì í sábà wà lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwìn ni wọ́n ń rà, wọn á san án nígbà tí wọ́n bá ti ọjà dé. Nígbà mìíràn, obìnrin ló ń yá alàwọ̀n lówó tí yóò fi ra okùn, òun ni yóò sì kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹja nígbà tí àwọ̀n bá gúnlẹ̀. Obìnrin tó bá ti wà nídìí ààrò fún ìgbà pípẹ́ kò ní gbàgbé ẹni tó jẹ ẹ́ àti ẹni tí òun náà jẹ. Mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé, “Màmá, ta ló ń gbé ní ilé kejì sí tiyín?” Ó ní, “Ìyẹn ni èyí tó jẹ mí ní agbọ̀n ṣáwá méjì ní ọdún tí owó yí padà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá san án lẹ́yìn tó kú.” Nínú ìdáhùn kan, mo ti gba aládùúgbò, ọjà, ikú, ọmọ, àti ọdún. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn abúlé tí àwọn ọkùnrin sọ fún àwọn ọkùnrin nínú pálọ̀ baálẹ̀, tí ẹni tó kà á yóò rò pé kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò pé, ó sì yẹ kí a jáwọ́ nínú kíkọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “ọdún tí owó yí padà” yìí náà ló jẹ́ kí n rí ọ̀nà tí mo fi to ọdún. Àwọn àgbà abúlé kì í fi nọ́ńbà ka ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ dá a mọ̀. Igi Àgíà wó ní oṣù Kẹfà ọdún 1959, gbogbo ẹni tó wà láyé nígbà náà ní agbègbè wa ló sì mọ ibi tí òun wà nígbà tí ìròyìn náà dé. Òmìnira ní 1960, ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970, ọjọ́ tí ọkọ̀ yí sí apá ọ̀tún títì ní oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo wọn ni àmì. Ṣùgbọ́n ó gba ìṣọ́ra, nítorí pé owó yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun tún pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà fúnra rẹ̀, wọ́n sì ti ẹnubodè. Bí ìyá kan bá sọ pé ọdún tí owó yí padà ni òun bí àbíkẹ́yìn òun, mo máa ń béèrè pé, “Ṣé ṣílè ni ẹ fi ń ra ẹja kó tó yí padà, àbí náírà?” Ìdáhùn sí ìyẹn nìkan máa ń yanjú ọ̀rọ̀. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí níyànjú pé kó kọ́kọ́ ṣe àkójọ irú àmì bẹ́ẹ̀ fún agbègbè rẹ̀, kó sì wá àmì méjì fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó kọ ọdún sílẹ̀.

Nígbà tí mo to gbogbo rẹ̀ tán, mo rí ohun kan tí n kò retí. Gbogbo wa nínú ẹbí la máa ń sọ pé òkun ló pa abúlé náà run, ṣùgbọ́n àwọ̀n ti dákẹ́ kí òkun tó dé ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde kúrò ní Nàìjíríà, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Gánà sì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Kéta tó ń fa àwọ̀n létí òkun wa wà nínú wọn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ti ẹnubodè, ẹja tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ kò rí ọ̀nà lọ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọ̀n tó nílò ọ̀pọ̀ ọwọ́ kò rí ọwọ́. Àwọn géńdé tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Èkó láti ṣiṣẹ́ mìíràn tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ kékeré àti ẹ́ńjìnnì máa dá pẹja. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n lójú òkun náà tún ń sún mọ́ ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìpẹja tó jáde ní 1992 ya máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún àwọn apẹja kékeré. Àwọn àgbà sọ fún mi pé wọ́n máa ń rí iná ọkọ̀ wọ̀nyí lálẹ́, wọ́n sì máa ń bá àwọ̀n wọn ní yíya ní òwúrọ̀. Inú mi kò dùn sí i rárá, nítorí òfin tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò gba apẹja kan là.

Òkun ní ti tirẹ̀ ń jẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbì etí òkun wa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, nítorí náà ó ń gbá yanrìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn láìdáwọ́dúró, láti Gánà títí dé Èkó. Etí òkun kan kì í gbó nígbà tí yanrìn tó ń gbà bá tó èyí tó ń jáde. Bí ohunkóhun bá dá yanrìn náà dúró níbì kan, ibi tó tẹ̀lé e ní ìlà-oòrùn ni yóò jìyà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ odi òkúta sí ẹnu òkun Èkó láti nǹkan bí 1908, yanrìn gbá jọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Victoria Island ní ìhà kejì. Ìdídò (dáàmù) Akosombo ní Gánà tó parí ní 1965 dá yanrìn odò Volta dúró, èbúté Kútọnù ṣí ní 1965, ti Lomé ní Tógò ṣí ní 1968, ọ̀pọ̀ ilé sì wó sínú òkun ní ìlà-oòrùn àwọn èbúté méjèèjì. Ní Kéta, níbi tí àwọn baba bàbá ìyá mi ti wá, òkun wó apá kan lára ilé olódi tí àwọn ará Denmark kọ́ ní 1784. Ọdún 1980 nìyẹn. Ó máa ń jọ mí lójú pé òkun kan náà lé ìdílé kan ní ilé méjì. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ènìyàn tún ń gbẹ́ yanrìn etí òkun fún ilé kíkọ́, ìyẹn sì dá kún un.

Bí mo ṣe mọ bí òkun ṣe ń sún mọ́lé ni nípa àgbọn. Ìlà ìlà ni wọ́n gbìn ín láti etí òkun lọ sí ọ̀sà, ìlà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdílé tó ni ín. Àgbọn ìbílẹ̀ máa ń gba bí ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá kó tó so, nítorí náà ẹni tó bá gbìn ín kò ní gbàgbé àkókò náà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé, “Ìlà ti ìdílé báyìí ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ti ìdílé báyìí.” Wọn á rí i tí gbòǹgbò yọ síta lára yanrìn, igi náà á tẹ̀ síhà òkun, ọjọ́ kan á sì wó. Abúlé náà ṣí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kó tó parẹ́. Kò nira púpọ̀, nítorí pé ilé imọ̀ ọ̀pẹ ni; wọ́n tú òpó, wọ́n gbé e lọ sí ibi tó ga díẹ̀, wọ́n sì tún un tò. Ohun tí kò ṣeé gbé ni sàréè. Àwọn ìdílé kan hú egungun àwọn òbí wọn, wọ́n sì tún un sin sí ìhà ọ̀sà pẹ̀lú ètùtù; àwọn mìíràn kò tètè rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò rí àyè náà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, n kò sì fi ipá béèrè.

Àwọn obìnrin ló sọ ohun tó parí rẹ̀ fún mi: kànga. Lábẹ́ ilẹ̀ yanrìn bí tiwa, omi òjò tó rì wọlẹ̀ máa ń léfòó lórí omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀, nítorí náà kànga etí òkun kì í jìn. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ jù yóò bá iyọ̀. Bí òkun bá ti sún mọ́lé, omi dídùn yẹn á máa fẹ́lẹ́ sí i. Ìyá kan sọ fún mi pé, kó tó pẹ́, ẹ̀wà kì í jinná dáadáa nínú omi kànga náà mọ́, lẹ́yìn náà ọṣẹ kò hó nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ kọ̀ láti mu ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé omi láti ìlú kọjá ọ̀sà. Ilé ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà, ìgbì kò tíì kan ògiri kankan, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti ń kó ẹrù. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìgbà tí abúlé etí òkun kan ń kú, kó bi àwọn tó ń pọn omi.

Mo wo àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú, mo sì wo àwòrán sátẹ́láìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wúlò fún mi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ ẹnu àwọn àgbà nìkan. Àmì kan ṣoṣo ni àwòrán ilẹ̀ fi síbi tí abúlé náà wà, abúlé náà sì ti wà ní ibi mẹ́ta. Ẹni tó bá gbára lé àmì yẹn nìkan yóò rò pé àwọn àgbà ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, nígbà tó jẹ́ pé oníkálukú ń sọ ibi tí abúlé wà nígbà èwe tirẹ̀. Ìwé ìrìbọmi ìjọ tún ràn mí lọ́wọ́, nítorí pé ó ń kọ iṣẹ́ bàbá ọmọ sílẹ̀: apẹja, apẹja, apẹja, títí dé ojú ewé kan tí iṣẹ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán, mo kà á sétí ìgbọ́ àwọn àgbà tó kù, ní èdè Ògù àti ní Yorùbá, lójú gbogbo ẹbí. Mo rí i pé ìyẹn ṣe pàtàkì ju kíkọ rẹ̀ lọ. Wọ́n tún orúkọ méjì ṣe, wọ́n ní kí n yọ ọ̀rọ̀ kan nípa Zángbétọ̀, eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru láàárín àwọn Ògù, kúrò nítorí pé kì í ṣe ohun tí a ń kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, mo sì yọ ọ́. Ìdílé méjì jiyàn lórí ẹni tó gbẹ́ kànga àkọ́kọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìdílé méjèèjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì kà wọ́n padà fún wọn. Apá kìíní ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn wí, apá kejì náà ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn wí. Àwọn ìyá wá bínú sí mi lórí ohun mìíràn pátápátá: mo ti kọ orúkọ gbogbo olówó àwọ̀n, n kò sì kọ orúkọ àwọn tó ni ààrò. A jókòó kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì gùn ju ti olówó àwọ̀n lọ.

Àwọn ènìyàn abúlé náà ti fọ́n káàkiri báyìí. Àwọn kan wà ní Àgbádárìgì, àwọn kan ní Àjárá, àwọn kan ní Kútọnù, ọ̀pọ̀ sì wà ní Mákòkó ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń pẹja lórí ọ̀sà. Mo ti gbé ẹ̀dà kan lọ sí Mákòkó. Bàbá kan níbẹ̀ tẹ́tí gbọ́ ọ títí dé ìparí, ó sì sọ pé ẹgbẹ́ alàwọ̀n kan wà tí n kò dárúkọ, tí ìyókù wọn ṣì ń gbé ní ìhà Kútọnù, pé ọmọ ẹni tó ń kọ ìpín fún wọn ṣì wà láyé, ó sì ní ìwé lọ́wọ́. Ó ti ránṣẹ́ sí i. Bí òjò bá ti dá, èmi àti ọmọ bàbá náà yóò lọ wo ìwé náà.